Ta Ló Mú Kọ́kọ́rọ́ Ìjọba Dání?

Kí ẹnikẹ́ni tó bi mí, ẹ jẹ́ kí n tètè fọ ọwọ́ mi mọ́: ìjọba Amẹ́ríkà tí wọ́n tì pa lọ́jọ́sí, èmi kọ́ ni mo ta àgádágodo fún wọn. Èyí tí wọ́n bá tì pa ní Lọ́kọ́ja níbí, mo lè má jiyàn. Ṣọ́ọ̀bù ni o, ilé adìyẹ ni o, àpótí ìyàwó ni o, géètì ọ́fíìsì ìjọba ni o, tí ẹ bá yí àgádágodo rẹ̀ wò dáadáa, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọwọ́ mi ló ti jáde. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi tà á ní ọjà Kpata kí orúnkún mi tó ní òun ò bá mi jókòó lórí àpótí mọ́. Ìyá Alágádágodo ni wọ́n ń pè mí. Mo ní orúkọ mìíràn, ṣùgbọ́n ó ti dípẹtà nítorí àìlò.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ti gbàwé ẹ̀rí, tí ẹ wá ń rìn kiri Adankolo bí adìyẹ tí òjò pa, tí ẹ ń bi ara yín léèrè irú iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe, ẹ̀yin ni mo ń kọ èyí sí. Ìwé kẹrin ni mo kà dé. Tí ẹ bá rí ibi tí mo ti ṣi ọ̀rọ̀ kọ, ẹ tún un ṣe. Kí ni wọ́n rán yín lọ sí yunifásítì fún?

Abúlé Ọwọ́rọ̀ kan lórí òkè ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ìyá mi fà mí lé Hájíà lọ́wọ́, obìnrin Núpé kan tó ń ta àgádágodo ní Kpata. Hájíà ga, ó gbẹ, ẹ̀rín sì wọ́n lójú rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ. Yorùbá ló fi ń nájà, Núpé ló fi ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, Hausa ló fi ń bínú. Kò pẹ́ tí Hausa fi yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu.

Ọjọ́ kìíní gan-an ni mo ti sọ ara mi di ẹlẹ́yà. Oníbàárà kan dúró níwájú àtẹ. Hájíà na ọwọ́ sẹ́yìn sí mi láìwo ojú mi, ó ní, "Ke, kawo kwado!" Mo mọ "kawo", ó ní kí n mú nǹkan wá ni. Mo mọ "kwado" náà. Àwọn darandaran tó máa ń gba abúlé wa kọjá ti kọ́ wa pé ọ̀pọ̀lọ́ ni. Ọ̀pọ̀lọ́ kẹ̀? Mo ní bóyá oògùn ni ọkùnrin náà fẹ́ fi ṣe. Ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ kì í bèèrè ìdí. Mo gbé igbá, ó di etídò. Odò ti ń fà sẹ́yìn nígbà náà, ọ̀pọ̀lọ́ ò sì wọ́n nínú ẹrẹ̀. Mo mú èyí tó sanra jù lọ, mo fi aṣọ bò ó, mo sáré padà, mo kúnlẹ̀, mo ṣí aṣọ lórí rẹ̀ níwájú oníbàárà.

Ọ̀pọ̀lọ́ fò, oníbàárà fò, n ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ balẹ̀ nínú àwọn méjèèjì. Gbogbo ìlà wa rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń di àtẹ mú. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé lédè Hausa, orúkọ kan náà ni ọ̀pọ̀lọ́ àti àgádágodo ń jẹ́. Ẹ sì wò ó dáadáa, irọ́ kọ́: méjèèjì ló máa ń lóṣòó, méjèèjì ló máa ń pa ẹnu dé. Hájíà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ yìí, wàá pẹ́ lọ́wọ́ mi." Mo pẹ́ lóòótọ́. Ọdún mẹ́fà gbáko.

Ẹ̀kọ́ Hájíà le ju irin tó ń tà lọ. Á fi ìborùn dì mí lójú, á ti àgádágodo kan nítòsí etí mi, á ní kí n sọ bí ó bá dára tàbí kò dára. Èyí tó bá dún "kẹ́" ti jókòó. Èyí tó bá ń fà "kẹ̀ẹ̀" ti fẹ́ bá olè ṣe ọ̀rẹ́. Tí mo bá ṣì í, á ní, "Ṣé etí lèyí, àbí ibi tí wọ́n ń fi yẹtí sí?" Tí mo bá gbà á, kò ní yìn mí, á kàn gbé òmíràn. Mo fi òróró pa irin títí aṣọ mi fi ń dán. Ó di oṣù kẹjọ kí ó tó jẹ́ kí n bá oníbàárà sọ̀rọ̀, ó sì jẹ́ pé "ẹ káàbọ̀" nìkan ni.

Òfin kan wà tó ju gbogbo rẹ̀ lọ. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ló máa ń wà nínú páálí àgádágodo kọ̀ọ̀kan. Hájíà á ní kí oníbàárà tẹ́ ọwọ́. Á ka kọ́kọ́rọ́ sí i lọ́wọ́: oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Lẹ́yìn náà, á na àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ tó ṣófo sí onítọ̀hún lójú. Ọwọ́ òfìfo yẹn ni ìwé ẹ̀rí wa. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Ẹni tó ń ta àgádágodo kò gbọdọ̀ mú kọ́kọ́rọ́ kẹta. Ọjọ́ tó o bá mú un, o ti kúrò ní oníṣòwò, o ti di ẹni tí wọ́n ń wò."

Mo gbà á lẹ́nu, n ò gbà á lọ́kàn. Ẹ ó rí i.

Mo gba òmìnira, mo lọ́kọ, mo bímọ mẹ́ta, mo ní àtẹ tèmi ní ìkángun ìlà Hájíà. Ti owó, ẹ má bi mí. A jẹun, a kò sì jí ti ẹnikẹ́ni. Ibi tí mo ń lọ ni ọ̀rọ̀ Bàbá Oníṣu, ọkùnrin Igala kan tó ní ṣọ́ọ̀bù iṣu lẹ́yìn wa. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ń jò. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti sọ kọ́kọ́rọ́ nù láàárín oṣù kan. Nígbà tó ra àgádágodo kẹta, ó bẹ̀ mí, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n bá òun tọ́jú ẹyọ kan, pé ẹni tí òun ń rí lójoojúmọ́ ni mí. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo so ó mọ́ ṣòkòtò abẹ́ mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ni báńkì wa nígbà náà.

Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n kó iṣu rẹ̀ lọ. Àárọ̀ ọjọ́ ọjà ni. Bàbá Oníṣu dúró lójú ọ̀nà, ó ń pariwo pé ẹni kan ṣoṣo ló tún ní kọ́kọ́rọ́ òun. Gbogbo orí yí sí mi. Àwọn tí a jọ ń pín omi mu lánàá ń wò mí bí ìgbà tí mo hu ìwo. Ọlọ́pàá méjì dé, wọ́n ní kí n máa bọ̀. Bí mo ti ń rìn, kọ́kọ́rọ́ náà ń dún lábẹ́ aṣọ mi, gbogbo ayé sì ń gbọ́ ọ.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Hájíà. Ó ti darúgbó nígbà náà, ọ̀pá ló fi ń rìn. Kò kí mi, kò kí ọlọ́pàá. Ó lọ tààrà síwájú ṣọ́ọ̀bù iṣu, ó fi ọ̀pá kan àgádágodo.

"Ta ló ṣí èyí?"

Wọ́n wò ó. Àgádágodo wà ní títì bí Bàbá Oníṣu ṣe fi í sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó tíì ṣí i rárá.

Hájíà gbé ọ̀pá sókè, ó nà án sí òrùlé. Páànù méjì ti ká sẹ́yìn bí ewé mọ́ínmọ́ín. Ó ní, "Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, kí ló ń wá lórí òrùlé? Ṣé ológbò ni?"

Ọjà bú sẹ́rìn-ín. Ọlọ́pàá fi mí sílẹ̀. Mo rò pé ó ti parí, mo fẹ́ dì mọ́ Hájíà. Ó tì mí sẹ́yìn. "Má fọwọ́ kàn mí. Níbo ló wà?" Mo tú u kúrò. Bàbá Oníṣu kọ̀, kò gbà á mọ́, ojú ń tì í. Hájíà mú mi dé etídò, ó ní kí n jù ú. Mo jù ú síbi tí omi pupa àti omi dúdú ti ń pàdé. Ó ní, "Lónìí, òrùlé ló gbà ẹ́. Kì í ṣe gbogbo olè ló máa ń bá ẹ gba òrùlé." Ọ̀rọ̀ tó sọ mọ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, kò sí kọ́kọ́rọ́ ẹlòmíràn tó sùn nílé mi.

Iṣẹ́ ń yí padà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀, idẹ gidi là ń tà. Tí ó bá bọ́ sí ẹ lẹ́sẹ̀, o ò ní rìn fún ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni ti Ṣáínà dé, ó fúyẹ́ bí bisikíìtì. Mo rí ọmọ tó fi eyín ṣí i. Lẹ́yìn náà ni onínọ́ńbà dé, tí kò ní kọ́kọ́rọ́ rárá, àwọn tó rà á sì máa ń padà wá bi mí léèrè nọ́ńbà tí àwọn fúnra wọn yàn. Báyìí, ojú ni fóònù mi fi ń mọ̀ mí kó tó ṣí. Tí mo bá fi òrí para nígbà ọyẹ́, á ní òun ò mọ̀ mí. Èmi tí mo ti ta àgádágodo kárí Lọ́kọ́ja, ojú ara mi wá di kọ́kọ́rọ́ tí kò ṣí ilẹ̀kùn!

Ọjà tó máa ń dùn mí jù ni ti ìgbà ìyanṣẹ́lódì. Ìlú òṣìṣẹ́ ni Lọ́kọ́ja. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ bá bínú, wọ́n á wá ra ṣéènì àti àgádágodo ńlá lọ́wọ́ mi láti fi ti géètì ọ́fíìsì. Ní ọ̀sán, àwọn ìjọba á fi ayùn gé e, wọ́n á wá ra tiwọn lọ́wọ́ mi láti fi dè é. Ní ọjọ́ kejì, àwọn òṣìṣẹ́ á tún padà wá. Mo ń kí àwọn méjèèjì dáadáa, mo ń ka kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta sí àwọn méjèèjì lọ́wọ́, mo sì ń fi ọwọ́ òfìfo hàn wọ́n. Ẹnì kan ní ojú ò tì mí. Mo ní, "Kí ló kàn mí níbẹ̀? Èmi kọ́ ni mo dá ìjà sílẹ̀. Irin ni mo ń tà."

N ò mọ̀ pé ìjà irú bẹ́ẹ̀ ń bọ̀ wá bá mi dé ẹnu ọ̀nà ilé mi, láti òkè òkun.

Nígbà tí mo kógbá sílé, mo wá ń gbé ilé tí àwọn ọmọ mi kọ́ fún mi ní Felele. Ẹ̀rọ omi kan ló wà ní òpópónà wa. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ń yọ́ omi wa tà fún àwọn oníbíríkì, ni àdúgbò bá pinnu pé àgádágodo méjì ni kó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ẹ̀rọ. Ọ̀kan lọ́wọ́ apá òkè, ọ̀kan lọ́wọ́ apá ìsàlẹ̀. Àfi tí ẹni méjèèjì bá jọ dé ni ilẹ̀kùn á ṣí. Èmi ni mo bá wọn ṣà wọ́n, onídẹ gidi méjì, èyí tó kẹ́yìn nínú ọjà mi. Mo ka kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta sí ọwọ́ olúkúlùkù wọn.

Àwọn tó gbà á ni Tíṣà àti Àlájì. Ará Yàgbà ni Tíṣà, ó ti jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Apá òkè ló ń gbé. Ọwọ́rọ̀ bíi tèmi ni Àlájì, awakọ̀ ìjọba ni nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀. Apá ìsàlẹ̀ ni tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n. Láràárọ̀, wọ́n á jọ ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n á tan ẹ̀rọ, wọ́n á sì jókòó sórí bẹ́ńṣì lábẹ́ igi máńgò títí tánkì á fi kún. Amẹ́ríkà ni wọ́n sì fi ń jẹun àárọ̀. Bọ́sẹ̀, ọmọ Tíṣà, ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba kan níbẹ̀. Jímọ̀, ọmọ Àlájì, ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹgbẹ́ òṣèlú méjì ló wà lọ́hùn-ún, ọ̀kan ń fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ṣe àmì, èkejì ń fi erin. Bọ́sẹ̀ fẹ́ràn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, nítorí náà Tíṣà fẹ́ràn rẹ̀. Jímọ̀ fẹ́ràn erin, Àlájì náà gùn ún. Àwọn méjèèjì ò dé Kùtọnu rí o!

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé korobá mi dé, mo bá Tíṣà tó ń wo fóònù, ojú rẹ̀ sì ti rẹ̀ wá sílẹ̀.

"Wọ́n ti ti ìjọba Amẹ́ríkà pa," ló wí.

Ẹ̀jẹ̀ iṣẹ́ mi gbóná. Mo ní, "Ta ló tì í?"

"Àwọn fúnra wọn ni, Ìyá."

"Irú àgádágodo wo ni wọ́n lò?"

Àlájì rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Tíṣà ló wá là á yé mi: ìwé ìnáwó kan wà tí ẹgbẹ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ jọ fara mọ́ nílé ìgbìmọ̀. Bí wọn ò bá gbà fún ara wọn, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì á ti ilẹ̀kùn, òṣìṣẹ́ á jókòó sílé, títí wọ́n á fi gbà.

Mo ní, "Ṣé ẹni méjì ló mú kọ́kọ́rọ́ dání ni?"

"Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀."

"Tí ọ̀kan bá wá ń bínú ńkọ́?"

"Ilẹ̀kùn ò ní ṣí."

"Háà! Ẹ̀rọ omi wa nìyẹn!"

A rẹ́rìn-ín. Ẹnu mi yìí náà ni mo fi pè é.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, òmíràn kọjá, wọn ò ṣí. Bọ́sẹ̀ wà nílé, kò sí owó oṣù. Tíṣà kì í sùn dáadáa mọ́. Àlájì, tí kò mọ̀ pé ẹnu jẹ́ ohun tí ó yẹ kó ní àgádágodo, wá sọ láàárọ̀ ọjọ́ kan pé Jímọ̀ ní kí wọ́n máa tì í lọ, pé ọ̀pọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ yẹn, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé wọn ò wá síṣẹ́.

Tíṣà dìde. "Àlájì, ṣé ọmọ mi lò ń bá wí?"

"N ò dárúkọ ọmọ ẹnikẹ́ni."

"Ọmọ tí mo ta ilẹ̀ bàbá mi rán níwèé, òun ni kò sẹ́ni tó mọ̀ pé kò wá síṣẹ́?"

"Tíṣà, jókòó. O ti ń gbóná jù. Ohun tó ń ṣe ẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ: kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni ẹ́!"

Ó lè jẹ́ pé ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n bá pe èèyàn ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, á rẹ́rìn-ín, á fi ọwọ́ lu àyà. Ní Felele, níwájú ọmọdé tó ń pọn omi, ẹni tí ó ti jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́? Tíṣà ti ẹ̀rọ pa, ó fi àgádágodo tirẹ̀ dè é, ó gba ilé rẹ̀ lọ. Àlájì náà ti tirẹ̀ kẹ́! Mo gbọ́ ọ. Àgádágodo dáadáa ni, ó jókòó.

Ọjọ́ kejì, kò sí omi. Ọjọ́ kẹta, kò sí. Tíṣà ní àfi kí Àlájì wá kúnlẹ̀. Àlájì ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kì í gba ìdọ̀bálẹ̀. Olúkúlùkù wọn gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, wọ́n so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ìdí. Àdúgbò bá pín sí méjì! Apá òkè di kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, apá ìsàlẹ̀ di erin. Onígbàjámọ̀ wa, tó jẹ́ erin, gbọ́ tí oníbàárà rẹ̀ ń gbè sẹ́yìn Tíṣà, ó sì pa ẹ̀rọ ìgẹrun nígbà tó gẹ irun rẹ̀ dé ìdajì. Ọkùnrin náà fi orí apá kan lọ sí ibi iṣẹ́. Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà ń dùn mí.

Ṣùgbọ́n n ò rẹ́rìn-ín nígbà tí Ozohu wọlé tọ̀ mí wá. Ìyàwó kékeré tó jẹ́ Ebira ni, ògiri kan náà la jọ ní, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tó bímọ. Mẹ́ruwà tó ń fi kẹ̀kẹ́ ta omi ti rí ojú wa, ó ti sọ kẹ́ẹ̀gì kan di góòlù. Ozohu kúnlẹ̀, ọmọ wà léjìká rẹ̀.

"Màmá, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ta àgádágodo yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú kọ́kọ́rọ́ kẹta ti méjèèjì wá. N ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Omi tí mo fi wẹ ọmọ yìí lánàá ni mo tún fi fọ aṣọ rẹ̀."

Mo wo ẹnu ọ̀nà, àwọn obìnrin mẹ́rin mìíràn ti dúró sẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo wọn gbà pé mo ní in. Mo na àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì sí wọn. Mo ní, "Ẹ wò ó. Kò sí. Ká ní ó wà, ẹ kì bá tí ra àgádágodo lọ́wọ́ mi láti ọjọ́ yìí."

Àwọn gende ní àwọn á fi ayùn gé e. Mo ní kí wọ́n gbé ẹnu dákẹ́. Mo ti rí i ní géètì ìjọba: ayùn kì í parí ìjà. Ẹni tí wọ́n gé tirẹ̀ á ra èyí tó tóbi jù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ayùn yẹn ló la orí mi. Mo yá ayùn lọ́wọ́ káfíńtà, mo gbé àpótí mi, mo jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ẹ̀rọ lọ́sàn-án gangan. Mo tẹ fóònù (ó mọ ojú mi lọ́jọ́ náà, bóyá ó rí i pé mo ti ń bínú), mo fi ìkíni ilé wa bẹ̀rẹ̀, mo sọ̀rọ̀ sórí Wásáàpù àdúgbò:

"Tíṣà, Àlájì, okun o. Ìyá Alágádágodo ni. Mo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ayùn wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo máa gé. Ẹni tó bá kẹ́yìn dé, tirẹ̀ ni."

Ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán. Ẹ ò bá wà níbẹ̀! Tíṣà ń bọ̀ láti òkè, bàtà kan lẹ́sẹ̀, bàtà kan lọ́wọ́. Àlájì ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ó fi ọwọ́ kó agbádá rẹ̀ jọ bí ẹni tó fẹ́ sọdá omi. Àwọn ọmọdé ń pàtẹ́wọ́. "Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, sáré! Erin, sáré!" Wọ́n jọ kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan náà ni, àfi kẹ́.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ dé," Tíṣà ń mí hẹlẹ.

"Irọ́! Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ kan irin."

Mo ní, "Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ á ti wọlé. Ta ni?"

Ẹ ò gbọ́ bí irin ṣe dún! Kẹ́, kẹ́. Àgádágodo méjèèjì ṣí nígbà kan náà, Ozohu wọlé tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin nínú páìpù. Kí àwọn méjèèjì tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, mo ti gba irin wọn. Mo fi ṣéènì kan gba ojú ilẹ̀kùn. Mo fi ti Tíṣà kọ́ etí kan ṣéènì náà, mo fi ti Àlájì kọ́ etí kejì, mo wá ti ọ̀kan mọ́ inú èkejì bí ẹni pé ó bù ú jẹ. Mo ní, "Ó tán. Láti òní lọ, ẹni tó bá ṣí tirẹ̀ nìkan, ilẹ̀kùn ṣí. Ẹ máa bínú yín lọ."

Iṣẹ́ ọwọ́ Hájíà ni. Inú mi dùn bí ẹni tó jẹ oyè. Amẹ́ríkà ò tíì ṣí ìjọba wọn, àwa ti ṣí tiwa! Mo sọ ọ́ kiri Felele pé tí wọ́n bá ránṣẹ́ pè mí, kí wọ́n má gbàgbé ìwé ọkọ̀ òfuurufú.

Omi ń ṣàn. Àlájì á wá láàárọ̀ kùtù, á bù, á lọ. Tíṣà á dé lẹ́yìn aago mẹ́jọ, á bù, á lọ. Bẹ́ńṣì abẹ́ máńgò wá kún fún ewé gbígbẹ. Mo rí i, n ò kà á sí. Mo ti ṣe iṣẹ́ tèmi.

Ó tó bí ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, mo gbé korobá dé, mo bá ṣéènì mi nílẹ̀. Àgádágodo méjèèjì ti padà sí ojú ilẹ̀kùn bíi ti àtijọ́, wọ́n lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ọ̀pọ̀lọ́ méjì. Ọkàn mi já. Mo ní ìjà ti dé padà. Mo wá gbọ́ ohùn lábẹ́ máńgò.

"Erin ló ni igbó, Tíṣà. Lọ bi wọ́n léèrè ní Amẹ́ríkà."

"Erin tó ti ilé ara rẹ̀ pa? Gba ibẹ̀ yẹn lọ!"

Mo dúró lé wọn lórí. "Ta ló tú iṣẹ́ mi?"

Àwọn méjèèjì wo ilẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé.

Àlájì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ìyá, ẹ má bínú. Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fi ń ṣí i lémi nìkan. N ò rí ẹni bú. Omi náà ò dùn." Ó yíjú sí Tíṣà. "Mo sì ti sọ fún un pé ẹgbẹ́ ni mo ní lọ́kàn lọ́jọ́ náà. N ò ní ẹranko lọ́kàn."

"Irọ́ ló ń pa," Tíṣà ní. "Ẹranko ló ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n Jímọ̀ ti pe Bọ́sẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́."

Mo ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tún jà ńkọ́? Ṣé kí Ozohu tún wá kúnlẹ̀ níwájú mi?"

Tíṣà fa okùn tó wà lọ́rùn rẹ̀ yọ. Kọ́kọ́rọ́ kan ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ọjà mi, kì í ṣe ti àgádágodo rẹ̀. Àlájì na ọwọ́ sínú àpò, ó mú ọ̀kan jáde, ti Tíṣà ni.

"A ti pààrọ̀ ẹ̀kẹta," Àlájì wí. "Tí mo bá bínú, kó bá mi ṣí i. Tí òun bá bínú, n ó bá a ṣí i. Kí ìbínú máa jẹ́ tiwa, kí omi máa jẹ́ ti gbogbo èèyàn."

Mo jókòó sórí korobá mi. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi ń ka kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta sí èèyàn lọ́wọ́, tí mo sì mọ ẹni tí kò gbọdọ̀ mú ẹ̀kẹta. Kò ṣẹlẹ̀ rí kí n bèèrè ẹni tó yẹ kó mú un. Hájíà náà ò sọ ọ́.

Mo na àtẹ́lẹwọ́ mi tó ṣófo sí àwọn arúgbó méjèèjì, bí a ṣe máa ń ṣe tí ọjà bá parí. Mo ní kí wọ́n sún, kí n jókòó. Kí wọ́n tún sọ fún mi, láàárín erin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, èwo ló ń mu omi jù.